Ẹ má wo àwọ̀ káàdì, owó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lórí fóònù mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, káàdì wo ló ń ṣiṣẹ́ báyìí?" Wọ́n ń béèrè láti Ìsẹ́yìn, wọ́n ń béèrè láti Ṣakí, àwọn ará Òkèhò àti Ìgbòho náà ò gbẹ́yìn. Ẹni tó béèrè lónìí lè jẹ́ ọmọ ahunṣọ tó fẹ́ polówó aṣọ òfì bàbá rẹ̀ lórí Facebook. Tó bá di ọ̀la, ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Poly Òkè-Ògùn ní Ṣakí tó fẹ́ ra àyè fún ìkànnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Tó bá di ọ̀túnla, ó lè jẹ́ agùnbánirọ̀ tó jáde ní káńpù Ìsẹ́yìn, tó fẹ́ san owó fọ́ọ̀mù yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà. Owó wà lọ́wọ́ gbogbo wọn o. Ohun tí wọn ò ní ni ọ̀nà tí owó náà máa gbà kọjá.

Èmi kì í tètè dárúkọ káàdì kankan fún wọn. Káàdì tó ń ṣiṣẹ́ lóṣù yìí lè má ṣiṣẹ́ mọ́ lóṣù tó ń bọ̀, a sì ti fojú ara wa rí i. Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Àkọ́kọ́: irú owó wo ló wà nínú káàdì náà, ṣé náírà ni àbí dọ́là? Ìkejì: ta ló máa ṣẹ́ owó yẹn, èló ló sì máa ṣẹ́ ẹ? Ìkẹta: bí ìsanwó bá dàrú, ta ni màá rí bá sọ̀rọ̀? Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan káàdì tán.

Kò yẹ kí ìbéèrè kejì yẹn ṣàjèjì sí ará Ṣakí. Ilẹ̀ Benin ò jìnnà sí wa, ẹni tó bá gba ọ̀nà Òkèrété yóò débẹ̀. Ìyá tó bá ń ra ọjà lọ́hùn-ún mọ̀ pé kì í ṣe ẹwà àpò tóun kó owó sí ló máa sọ bóyá òun jèrè. Iye tí wọ́n bá òun ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà ni. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá pe iye tí kò bá a lára mu, á kọjá sọ́dọ̀ ẹnì kejì, kò ní bá a jà. Káàdì báńkì náà, tó bá ti di pé ẹ fẹ́ fi ra nǹkan lókè òkun, ẹni tó ń ṣẹ́ owó ni. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣẹ́ owó lọ́jà á sọ iye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kówó fún un. Káàdì lè má sọ tiẹ̀ títí owó fi máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká rántí bọ́rọ̀ ṣe débí. Tẹ́lẹ̀, náírà tó wà ní àkáǹtì wa lásán la fi ń ra nǹkan lórí ìkànnì òkè òkun. Ẹ ó tẹ nọ́ńbà Mastercard tàbí Visa yín, báńkì á yọ náírà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tí a kì í rí ni pé báńkì ní láti fi dọ́là gidi san gbèsè yẹn fún àwọn Visa àti Mastercard. Nígbà tí dọ́là wá di ọ̀wọ́n, àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í gé iye tá a lè ná kù. Ní oṣù Kẹta 2022, púpọ̀ nínú àwọn báńkì ńlá mú un wá sílẹ̀ láti $100 sí $20 lóṣù. Kí ni èèyàn fẹ́ fi $20 ṣe? Kò tó fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́, ìpolówó ọ̀sẹ̀ méjì lè gbé e mì. Kò sì tán síbẹ̀. First Bank dá ti náírà dúró pátápátá ní òpin oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e.

Ìdí mìíràn náà wà tá ò gbọ́dọ̀ fi bò. Nígbà yẹn, iye dọ́là ní báńkì àti iye rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní títì jìnnà síra wọn gan-an. Àwọn kan ń fi káàdì fa dọ́là lówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ń tà á lówó gọbọi níta. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2023, CBN ní kí gbogbo ojú ọjà dọ́là di ọ̀kan, kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi 470 náírà ní báńkì ti kọjá 1,500 nínú oṣù Kejì 2024. Ó dùn wá wọnú egungun. Àmọ́ bí iye méjèèjì ṣe súnmọ́ra wọn, èrè àwọn tó ń fi káàdì ṣòwò dọ́là dín kù, ẹ̀rù tó ń ba àwọn báńkì náà sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ní 2025, àwọn báńkì bíi Wema, UBA àti GTBank tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn fún káàdì náírà lókè òkun. Ti GTBank, $1,000 láàrin oṣù mẹ́ta ni wọ́n kéde.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí àbúrò kan tí mo mọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ní ìparí 2022, ó ń wá àyè ẹ̀kọ́ gíga lókè òkun. Ó ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní kó kọ, olùkọ́ rẹ̀ ti bá a kọ̀wé ẹ̀rí, owó fọ́ọ̀mù $75 nìkan ló kù. Náírà tó kárí ẹ̀ wà ní àkáǹtì rẹ̀, ó sì lé. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn ló tẹ káàdì rẹ̀. Ó kọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún kọ̀. Nígbà tó máa fi rí ẹ̀gbọ́n kan l'Èkó tó ní káàdì dọ́là, aago méjìlá ti lù. Báńkì rẹ̀ ò sọ nǹkan kan fún un ṣáájú ju ìmeèlì kan tó wà láàrin ọgọ́rùn-ún ìmeèlì ìpolówó lọ. Ọdún kan gbáko ló fi dúró kó tó tún gbìyànjú. Torí náà, bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ káàdì ò ju ọ̀rọ̀ Netflix lọ, ẹ bá mi sọ fún un pé kò tíì débi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú àwọn káàdì náà síta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Verve ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní l'Òkè-Ògùn. Interswitch ló gbé e jáde ní 2009, ó sì dáa fún ATM àti POS. AfriGo náà dé ní oṣù Kíní 2023, CBN ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé la ṣe irú àwọn káàdì yìí fún. Bí ìkànnì òkè òkun kan bá kọ Visa àti Mastercard nìkan síbi ìsanwó, ẹ má wulẹ̀ fi Verve yọ ara yín lẹ́nu. Kì í ṣe pé káàdì yín bàjẹ́, ẹni tó ń tajà ni kò gba irú rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni Mastercard tàbí Visa tí náírà wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí báńkì yín bá ti ṣí i fún òkè òkun, òun ló rọrùn jù, torí pé owó oṣù yín tàbí owó ọjà yín ti wà níbẹ̀. Àmọ́ báńkì ló ń bá yín ṣẹ́ owó náà, iye tiẹ̀ ló sì ń lò. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo káàdì báńkì kan ni wọ́n ń ṣí. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín lè máa ṣiṣẹ́, kí tiyín látinú báńkì kan náà máa kọ̀, torí pé irú káàdì yín yàtọ̀. Ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè: ṣé irú èyí tó wà lọ́wọ́ mi ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, èló ni mo lè ná, ṣé ó dìgbà tí mo bá tan nǹkan kan nínú áàpù kó tó ṣiṣẹ́?

Ẹ̀kẹta ni káàdì àkáǹtì dọ́là, èyí tí báńkì ń pè ní domiciliary, táwa ń pè ní dọ́ọ̀mù. Dọ́là ló wà nínú ẹ̀, dọ́là ló ń jáde, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò bá yín ṣẹ́ nǹkan kan bí ẹ bá fi ra ọjà dọ́là. Òun ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù fún owó tó nípọn. Wàhálà tiẹ̀ ni bí ẹ ṣe máa rí dọ́là gbé síbẹ̀, àti owó ìtọ́jú káàdì tí CBN gbà kí wọ́n máa gbà ní $10 lọ́dún.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, inú áàpù fóònù ló ń gbé, wọ́n ń pè é ní virtual card. Ẹ ó fi náírà ra dọ́là sínú ẹ̀, ẹ ó sì rí nọ́ńbà káàdì lójú ẹsẹ̀. Kò sí pé à ń lọ tò sí báńkì, kò sí pé à ń rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn torí káàdì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ pọ̀ níbẹ̀: owó tí wọ́n fi ṣí i, owó tí wọ́n ń gbà nígbà tẹ́ ẹ bá fowó sí i, owó ìtọ́jú oṣooṣù níbòmíràn. Àwọn kan tiẹ̀ ń bu owó ìtanràn lé yín bí ìsanwó bá kọ̀ torí pé owó inú ẹ̀ kò tó, tó bá sì ṣẹlẹ̀ léraléra, wọ́n á pa káàdì náà rẹ́.

Ìbéèrè kẹta mi, ìyẹn ta ni màá rí bá sọ̀rọ̀, ibí ló ti wúlò jù. Ní oṣù Keje 2022, ọ̀pọ̀ áàpù tó ń ta irú káàdì yìí ní Nàìjíríà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Káàdì Barter ti Flutterwave wà lára wọn. Kí ló fà á? Kì í ṣe áàpù tẹ́ ẹ rí lójú fóònù ló ń ṣe káàdì náà gangan. Ilé iṣẹ́ kan ní Zambia tó ń jẹ́ Union54 ló wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú wọn. Àwọn gbájúẹ̀ ya bo ilé iṣẹ́ yìí, wọ́n ń ra ọjà tán, wọ́n á tún ní àwọn kọ́ làwọn rà á, kí wọ́n dá owó àwọn padà. Union54 dáwọ́ dúró, ẹni tó wà ní Ṣakí sì jí lọ́jọ́ kan, káàdì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ má fi virtual card ṣe ilé ìfowópamọ́. Iye tẹ́ ẹ fẹ́ ná ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ẹ sì má yára pa á rẹ́ bí ẹ bá ṣì ń retí owó ìdápadà, torí orí káàdì tẹ́ ẹ fi rajà ni ẹni tó tajà máa dá owó náà padà sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ fi iye wọ̀nyí ṣe o. Ká ní báńkì ń ṣẹ́ dọ́là kan ní 1,560 náírà láìgba nǹkan mìíràn. Ká ní áàpù kan ń ṣẹ́ tiẹ̀ ní 1,500, àmọ́ ó ń gba $3 lápapọ̀ láti ṣí káàdì àti láti fowó sí i. Bí ẹ bá fẹ́ san fọ́ọ̀mù $80, báńkì máa gba 124,800 náírà. Áàpù máa gba 120,000, tẹ́ ẹ bá wá fi $3 kún un, ó di 124,500. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta náírà péré ni ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọjà $5 lẹ fẹ́ rà, 7,800 ni báńkì máa gbà, áàpù yẹn á gba 12,000. Ṣé ẹ rí i? Áàpù tí gbogbo ayé ń pariwo pé ó ń ṣẹ́ owó ní pọ́ọ́kú ló wọ́n jù níbi ọjà kékeré. Bí ọjà bá kéré, owó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Bó bá tóbi, iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ dọ́là ni kẹ́ ẹ ṣọ́.

Bí ẹ bá wá bi mí pé kí ni kẹ́ ẹ mú, ohun tí mo máa sọ rèé. Tó bá jẹ́ fíìmù lórí Netflix tàbí orin lórí Spotify, ẹ má ra dọ́là rárá, náírà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwa ará Nàìjíríà. Tó bá jẹ́ nǹkan kékeré lóṣooṣù, bí orúkọ ìkànnì tàbí àyè láti tọ́jú fáìlì, káàdì náírà tí báńkì ti ṣí tó yín, tẹ́ ẹ bá ti mọ òdiwọ̀n rẹ̀. Tó bá jẹ́ owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánwò tó ní gbèdéke, ọ̀nà méjì ni kẹ́ ẹ ní lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ra nǹkan kékeré kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ fi mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó dúró di alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ti sọ ara rẹ̀ di ọlọ́nà kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta aṣọ òkè láti Ìsẹ́yìn sí London àti Houston, tiyín tún yàtọ̀. Mo rí i pé dọ́là tàbí pọ́n-ùn máa ń wọlé fún yín, ẹ ó kó gbogbo rẹ̀ sí náírà, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ó tún máa wá dọ́là láti san owó ìpolówó. Ìyá tó ń lọ sí Òkèrété ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ́ owó lẹ́ẹ̀mejì ti fi èrè rẹ̀ jíǹkí ẹni tó ń ṣẹ́ owó. Ẹ ṣí dọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ fi ìwọ̀nba tí ìpolówó àti ìkànnì máa gbà sílẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣẹ́ ìyókù fún òwú àti owó àwọn tó ń hun aṣọ.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà ò ṣeé fò. Wíwá ẹni tó máa "bá mi sanwó" ti di òwò lórí WhatsApp. Mo mọ̀ pé dandan ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣò. Bí ẹni tó ni káàdì bá jẹ́ gbájúẹ̀, ó lè ní òun kọ́ lòun sanwó, kí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìkànnì wá ti àkáǹtì yín pa. Bí owó bá sì padà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni káàdì, ẹ má ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ka nọ́ńbà tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín fún ẹnikẹ́ni, ẹni yẹn ì báà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì. Ẹ má jẹ́ kí káàdì tẹ́ ẹ fi ń rajà lókè òkun jẹ́ èyí tí gbogbo owó yín wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn, kí owó ọjà nìkan máa wọ ibẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá àwọn báńkì sọ. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà l'Òkè-Ògùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìkànnì, tó ń ya àwòrán, tó ń tajà, wọ́n wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ṣí dọ́ọ̀mù, àwọn báńkì kan ṣì ń ní kó mú ẹni méjì wá tó ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì láti jẹ́rìí rẹ̀. Ọmọ ahunṣọ, ọmọ àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu àti káṣú, níbo ló ti fẹ́ rí wọn? BVN rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín láti ọjọ́ pípẹ́, NIN rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá? Nígbà tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yí òdiwọ̀n káàdì padà, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó ṣe kedere ránṣẹ́ ní oṣù kan ṣáájú, bí ẹ ṣe máa ń fi ti owó ìtọ́jú àkáǹtì ránṣẹ́. Kẹ́ ẹ sì kọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ ṣẹ́ dọ́là síwájú oníbàárà kó tó tẹ "san". Àwọn tó ń ṣẹ́ sẹ́fà ní Ṣakí ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, wọn ò sì ní kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣe é. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe báńkì yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn, kẹ́ ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Bí ẹni tó gbé fóònù kò bá lè sọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là fún yín, ìdáhùn nìyẹn náà.